Ọkàn Tí Wọ́n Ń Bá Ṣiṣẹ́

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ìtàn yìí. Bí mo bá purọ́, kí irun orí mi re kí n tó pé ogún ọdún! Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n rọra búra: púpọ̀ nínú rẹ̀ ni òótọ́.

Ní ìlú Òkèsánmọ̀, tó ń yí ayé po bí eṣinṣin ti ń yí ọsàn po, obìnrin kì í gbé oyún mọ́. Inú ilé-ọlẹ̀, ìkòkò dígí tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ikùn ìyá, ni ọmọ ti ń dàgbà. Tinúadé, onímọ̀ tó ṣe ìkòkò náà, fi ọmọ tirẹ̀ sínú ọ̀kan. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ yìí nìkan ló fi sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìyá ọkọ rẹ̀ fojú mọ́ dígí.

"Tinú, kí ló ń sọ kúlúkúlú yẹn?"

"Ọkàn rẹ̀ ni, Màámi. Ó ń ti ẹ̀jẹ̀."

"Ohun tí kò tó ẹ̀wà? O ti sọ ọmọ mi di alágbàṣe kó tó ní ìka! Tan arọ́pò-ọkàn, kí ẹ̀rọ bá a tì í."

Tinúadé kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Màámi. Ògiri ọkàn kọ́kọ́ máa ń hu fọ́nrán wúruwùru sínú, bíi kàn-ìn-kàn-ìn. Iṣẹ́ tó ń ṣe yìí ló ń mú kí fọ́nrán náà so pọ̀, kí wọ́n sì ki. Amọ̀ tí a kò tẹ̀ kì í di ilé."

"Ọkàn ló pa bàbá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́," ni ìyá àgbà wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Ṣé wàá tún pa èyí ni?"

Ìyàwó ilé wo ni yóò já irú ọ̀rọ̀ yẹn níyàn? Tinúadé so okùn ẹ̀rọ náà mọ́ ọmọ, ó sì tàn án. Ìgbàkígbà tó bá fẹ́ pa ẹ̀rọ náà, ìyá àgbà á ti jókòó síbẹ̀, á máa kọrin fún dígí. Tinúadé á yíjú padà.

Ọjọ́ ìbí pé. Ọmọ náà ké tòò, gbogbo ilé mì. Ìyá àgbà jó dé ẹnu ọ̀nà.

"Ó yá, yọ okùn yẹn, kí n pọ̀n ọ́n."

Tinúadé pa arọ́pò-ọkàn. Ètè ọmọ di dúdú lójú ẹsẹ̀. Nínú àwòrán tí ẹ̀rọ yà nínú àyà rẹ̀, ògiri ọkàn rẹ̀ ṣì rí wúruwùru. Ẹ̀jẹ̀ kàn ń rìn láàárín fọ́nrán, kò rí ohun tí yóò tì í. Tinúadé yára tan ẹ̀rọ padà.

"A ò ní lè pa ẹ̀rọ yìí mọ́, Màámi. Títí ayé."

Ìyá àgbà ká ọ̀já tó mú dání.

Ibì kan péré ni mo ti bù mọ́ ìtàn yìí: igbe yẹn. Ọmọ náà kò ké. Ó ya ẹnu, ó ń wo ojú wọn, ohùn kò jáde.