Ife Tí Hajarat Fọ̀

Àárọ̀ ọjọ́ tí Japhet kú, asọ̀ ni òun àti Àtinúkẹ́ ìyàwó rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, irú asọ̀ tí tọkọtaya ń ṣe tí wọ́n á sì fi rẹ́rìn-ín bó bá di ìrọ̀lẹ́. Ọdún 1981 ni, ìgbà ìjọba alágbádá, ní Òkè-Ọ̀pin. Japhet ní ara òun wúwo, kí wọ́n jẹ́ kí òun sùn díẹ̀ sí i. Àtinúkẹ́ ní oorun wo tún nìyẹn, nígbà tí kòkòrò ti fẹ́ jẹ kòkó àwọn tán lóko, tí oògùn tí wọ́n rà lọ́jà Osi ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

“Bàbá Àbẹ̀bí, ẹ dìde ńlẹ̀. Àbí ẹ fẹ́ kí n gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn kí n lọ fín kòkó fúnra mi?”

“Ìwọ kẹ̀? Àwọn kòkòrò á kàn máa wò ọ́ ni.”

Ó dìde, ó ń rẹ́rìn-ín. Àtinúkẹ́ di iṣu sísè fún un, ó sì ki ife tánganran kan tí etí rẹ̀ jẹ́ búlúù sínú àpò oko rẹ̀, kí ó lè rí nǹkan fi bu omi mu. Àbẹ̀bí ọmọ wọn, tí kò ju ọmọ ọdún méje lọ, sin bàbá rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

Ìgbà tí oòrùn yẹ̀ ni Japhet padà dé. Òógùn bò ó, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Àtinúkẹ́ rò pé ebi ni, ó sáré bu ẹ̀wà fún un. Ṣíbí mélòó kan ló jẹ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tí gìrì sì mú un. Kí wọ́n tó rí takisí tí yóò gbé e lọ sí ọsibítù, ó ti kú sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá.

Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ igbe Àtinúkẹ́. “Èmi ni mo pa á o. Èmi ni mo pa ọkọ mi. Ó ní òun fẹ́ sùn, èmi ni mo lé e lọ sóko.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ ò lè ní ẹ ò mọ igbe yẹn. Ìyá tó rán ọmọ níṣẹ́ tí mọ́tò lọ gbá ọmọ náà ń ké e. Ọmọ tí kò tètè gbé bàbá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ń ké e. Ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ náà ni àwọn tó sáré dé gbọ́, ẹkún sì bo ìdajì kejì mọ́lẹ̀.

Hajarat, ìyàwó onísòwò tí ògiri kan ṣoṣo pààlà àárín òun àti Àtinúkẹ́, ló kọ́kọ́ káwọ́ ẹkún. Àlejò ń bọ̀ wá kí wọn kú ọ̀fọ̀, èébì sì wà nílẹ̀. Ó gbá yàrá, ó da omi sílẹ̀, ó fi ìgbálẹ̀ gbọ̀n ọ́n jáde. Ó da ẹ̀wà tó kù fún adìẹ ẹlòmíràn tó ń jẹ̀ kiri, ó fọ àwo, ó fọ ìkòkò. Ó tú àpò oko Japhet, ó rí ife etí búlúù, ó fi ọṣẹ àti eérú fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán, ó sì dojú rẹ̀ délẹ̀ pẹ̀lú àwọn àwo yòókù. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Bí mo bá ń rántí rẹ̀, inú ń bí mi, n kò sì mọ ẹni tí mo lè bínú sí.

Elijah, ẹ̀gbọ́n Japhet tó ń gbé ní Erúkù, dé pẹ̀lú ojú pípọ́n. Òun ló ní kí wọ́n sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú, torí òkú ọ̀fọ̀ ni, ìyá wọn ṣì wà láyé, kò sì yẹ kí ìyá rí i. Wọ́n dáná sun aṣọ oko tó wọ̀ bọ̀. Dókítà kankan kò fojú kan òkú náà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí Elijah fi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó ní ẹ̀wà ìyàwó àbúrò òun ni àbúrò òun jẹ tó fi kú, àti pé obìnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun pa á. Wọ́n wá mú Àtinúkẹ́.

“Ṣé o sọ ọ́ àbí o ò sọ ọ́?” Sájẹ́ǹtì tó jókòó sídìí tábìlì ló bi í.

“Mo sọ ọ́, sà, ṣùgbọ́n ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé—”

“Ó ti tó. Èyí tí mo bi ọ́ ni kí o dáhùn.”

Ó kọ ọ́ lóyìnbó. Àtinúkẹ́ kò gbọ́ Òyìnbó. Wọ́n di àtàńpàkò rẹ̀ mú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú yíǹkì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ó rò pé bó bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n á ní kí ó máa lọ ilé lọ fún ọmọ rẹ̀ lóúnjẹ. Elijah gbé Àbẹ̀bí lọ sí Erúkù, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ìyá rẹ̀ lọ.

Ó pẹ́ níbẹ̀ kí ìjọ rẹ̀ tó bá a wá lọ́yà, ọ̀dọ́kùnrin ará Ìlọrin kan tó ń jẹ́ Ọládiméjì. Ọjọ́ tó wá rí i, Hajarat bá a wá, ó gbé àkàrà dání.

“Ìyá Àbẹ̀bí, nígbà tí wọ́n mú yín,” lọ́yà ní, “ṣé ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ lè dákẹ́?”

“Ta ló ń dákẹ́ fún ọlọ́pàá?”

“Òfin ló ní kí ẹ dákẹ́ bí ẹ bá fẹ́, títí ẹ ó fi rí lọ́yà tàbí ẹni yín tí ẹ fọkàn tán. Òfin ló ní kí wọ́n sọ ẹ̀sùn yín fún yín ní èdè tí ẹ gbọ́, kí wọ́n sì gbé yín dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Ìwé tí ẹ tẹ̀ka sí ńkọ́, ṣé wọ́n kà á sí yín létí ní Yorùbá?”

“Wọn ò kà á. Kí ló wà níbẹ̀?”

“Pé ẹ̀yin lẹ pa á.”

Àtinúkẹ́ wo àtàńpàkò rẹ̀. “Ṣé ọ̀rọ̀ tí mo fi ẹkún sọ ni wọ́n fẹ́ fi pa mí?”

“Ẹ̀rí ẹnu nìyẹn, ẹni tó bá fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ ló lè sọ ọ́ ní kóòtù. Ẹni tó ní wọ́n sọ fún òun, kóòtù ò ní gbọ́ tirẹ̀. Elijah ò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ké e. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí mìíràn wà tí kì í sunkún, tí kì í sì í gbè sẹ́yìn ẹnì kan: ohun tí a lè gbé sórí tábìlì. Èébì tó wà nílẹ̀, ẹ̀wà tó kù, aṣọ tó wọ̀, ohun tó fi jẹ tó fi mu. Ọlọ́pàá tó mọ iṣẹ́ á kó wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á dì wọ́n, á kọ orúkọ sí wọn lára, á fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò. Àwọn tó wà níbẹ̀ á sọ irú májèlé tó jẹ́ àti ibi tó ti wá. Dókítà náà á yẹ òkú wò, á wá sọ ohun tó pa á. Kí ló ṣẹ́kù nínú gbogbo èyí?”

Hajarat ló wá rọra sọ̀rọ̀.

“Ife kan wà nínú àpò oko rẹ̀. Ó ń rùn. Mo rò pé kẹrosíìnì ni. Ó funfun nínú bí ẹni pé wọ́n fi bu mílíìkì.”

“Oògùn kòkó máa ń funfun bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá pò ó mọ́ omi,” lọ́yà sọ, ara rẹ̀ ti dìde lórí àga. “Ó jọ pé ife náà ló fi wọn oògùn, tó tún fi mu omi. Ife náà ńkọ́, mà?”

“Mo ti fọ̀ ọ́.”

Ó dojú bolẹ̀, ó ń sunkún. Àtinúkẹ́ gbá a mọ́ra. Òun náà rántí pé òun lòun fi ife yẹn sínú àpò, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí kò ké pé òun lòun pa ọkọ òun. Ó ti kọ́gbọ́n.

Lọ́yà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n hú òkú náà kí dókítà lè yẹ̀ ẹ́ wò. Elijah ní wọn ò ní fi àbúrò òun ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ibojì, ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ́yà sì ń lọ láti tábìlì dé tábìlì títí ọ̀rọ̀ fi sú gbogbo wọn. Nínú gbogbo ohun tí ìmọ̀ lè fi tú àṣírí ikú, ìtẹ̀ka Àtinúkẹ́ nìkan ni wọ́n lò.

Ọdún kẹta ni adájọ́ dá ẹjọ́. Hajarat ro tẹnu rẹ̀, ó sọ ìdajì igbe tí àwọn yòókù kò gbọ́, ó sọ ti ife. Agbẹjọ́rò ìjọba ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, kí ló tún fẹ́ sọ. Adájọ́ ju ìwé ìtẹ̀ka náà nù, torí wọn ò kà á sí i létí ní èdè rẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tó lè fi hàn pé májèlé ló pa Japhet, áńbọ̀sìbọ́sí ẹni tó fún un jẹ. Ó ní kí Àtinúkẹ́ máa lọ.

“Lọ́yà, ṣé wọ́n ti wá sọ pé n kò ṣe é?”

“Wọ́n ní kò sí ẹ̀rí pé ẹ ṣe é.”

“Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín.”

Ohun tí wọ́n ì bá fi dá a láre ti bá omi ọṣẹ lọ.

Ó gba Erúkù lọ mú ọmọ rẹ̀. Elijah kò jà, kò sì kí i. Àbẹ̀bí ti ga, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, mà.” Wọ́n délé ní Òkè-Ọ̀pin, Àtinúkẹ́ fi gbogbo ọkàn rẹ̀ se ìrẹsì, ó bu ti ọmọ sínú àwo, ó bu omi sí ife etí búlúù fún un.

“Mo ti yó, mà.”

“Kí lo jẹ? Láti àárọ̀ ni a ti jọ wà.”

Àtinúkẹ́ fa àwo náà sọ́dọ̀, ó jẹ nínú rẹ̀, ó mu nínú omi náà, ó tì í padà síwájú ọmọ rẹ̀. Àbẹ̀bí kò fọwọ́ kan ṣíbí. Ó ń wo ìyá rẹ̀, ó ń dúró bóyá yóò ṣubú.

Ẹ gbọ́ mi o, ẹ̀yin ará Ọ̀pin, àti gbogbo ilé tí ọ̀rọ̀ yìí bá dé. Bí ikú òjijì bá wọlé tọ̀ yín, ẹ má gbálẹ̀. Ẹ má fọ àwo, ẹ má sun aṣọ, ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá náà kí ẹ pe ọlọ́pàá àti dókítà kí ẹ tó pe agbẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá mú yín, ẹ bèèrè ẹ̀sùn yín, ẹ bèèrè lọ́yà, ẹ má tẹ̀ka sí ìwé tí ẹ ò gbọ́. Ife oògùn, ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ife omi. Ẹ̀yin ọlọ́pàá, bí ẹ bá fẹ́ kọ igbe ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹ kọ ọ́ tán. Ẹ jẹ́ kí àlejò wá bá ìdọ̀tí nínú ilé yín, kí ọmọ yín lè jẹun lọ́wọ́ yín lọ́la.