Ọkọ̀ Tí Kì Í Dún

"Tí o bá tún la ẹnu rẹ yẹn sí ọkọ rẹ létí, orí àtẹ̀gùn tí o ti ṣubú lọ́jọ́sí náà ni wọ́n máa tún ti bá ọ. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ẹsẹ̀ ló máa kán."

Aránṣọ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ yìí sí wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti di ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún sínú sìmẹ́ńtì funfun láti itan títí dé ìdí ọmọ ìka. Ó ń wo àjà. Ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ ọn kì í ṣe orogún, kì í ṣe ẹbí ọkọ. Àbúrò rẹ̀ ni, ọmọ ìyá rẹ̀, èyí tí òun fúnra rẹ̀ gbé pọ̀n nígbà tí ìyá wọn kú, tó sì fi owó ìránṣọ rán lọ sí ilé-ìwé. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ẹni tí kò bá tíì rí ikú ilé rí, kó wá wo ọmọbìnrin yìí dáadáa.

Oyinmọmọ ni ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè é. Dókítà tó ń tọ́jú eyín ni ọkọ aránṣọ, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò lè pa eṣinṣin. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ló máa ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n la ẹnu, ṣùgbọ́n nínú ilé ara rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ la ẹnu títí, kò gbọ́ ohun tó ń wí. Ọmọ wọn kan ṣoṣo wà ní yunifásítì níbòmíràn. Ó ti tó ọdún kan tí Oyinmọmọ ti ń gbé ọ̀dọ̀ wọn, ó ní òun ń wáṣẹ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ̀ ṣubú lórí omi ọṣẹ tó dà sí àtẹ̀gùn, òun ló kọ́kọ́ ké, òun ló kọ́kọ́ sunkún, òun náà ló sì sọ pé kí wọ́n má gba nọ́ọ̀sì kankan. Ó ní ta ni yóò tọ́jú ẹ̀gbọ́n òun bí òun?

Ẹ jẹ́ ká wo ìtọ́jú náà. Bí dókítà bá ti jáde láàárọ̀, Oyinmọmọ á kó ọ̀pá méjèèjì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń rìn, á tì wọ́n mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Á mú fóònù. Á gbé oúnjẹ sórí tábìlì tí ọwọ́ aláìsàn kò lè tó, á sì fi í síbẹ̀ títí yóò fi tutù. Bí aránṣọ bá ní òun fẹ́ lọ ilé ìwẹ̀, á ní kó fi ẹsẹ̀ kan fò lọ. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe wà títí di ìrọ̀lẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ló ń gba aránṣọ. Ọkọ̀ àtijọ́ tí dókítà ń wa máa ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Láti ìkóríta ìsàlẹ̀ òpópónà ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ, ó sì máa ń tó ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó dé géètì. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn, àwọn ọ̀pá á ti jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, fóònù á ti padà sábẹ́ ìrọ̀rí, oúnjẹ á ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tòun ti ṣíbí nínú rẹ̀, Oyinmọmọ á sì ti jókòó, á máa fi aṣọ tútù nu iwájú orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ jẹun díẹ̀ sí i." Ẹni tó ń pè é ní ìwọ láti àárọ̀ á wá máa fi ẹ̀yin dá a lóhùn.

Aránṣọ ti gbìyànjú láti sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Oyinmọmọ bú sẹ́kún, ó ní oògùn ara ríro ló ń da ẹ̀gbọ́n òun lórí rú, ó ti ń rí ohun tí kò sí. Dókítà wo ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó rí oúnjẹ, ó rí ọ̀pá, ó rí fóònù, ó sì mi orí tìkáàánú-tìkáàánú. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ohun tí obìnrin náà bá sọ di ẹ̀rí pé orí rẹ̀ kò pé mọ́. Oyinmọmọ ti bá dókítà wá ilé kan lẹ́yìn odi ìlú, níbi tí wọ́n ti ń ti àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú mọ́lé. Ìwé ti wà nílẹ̀. Ọjọ́ tí oṣù bá parí, dókítà yóò fọwọ́ sí i, wọn yóò sì wá gbé aránṣọ lọ. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀, ta ni yóò tún gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ láyé? Ìyẹn ló ń ba aránṣọ lẹ́rù ju ebi lọ.

Inú ìbẹ̀rù yìí ni ó wà tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tuntun fi délẹ̀.

Ọkọ̀ àtijọ́ ti fẹ́ẹ́ kú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, dókítà gbé ìwé dídán méjì wọ yàrá, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ̀ bọ̀gìnnì kan náà ló wà nínú àwòrán méjèèjì, ara kan náà, àga aláwọ kan náà. Inú wọn ni kò dọ́gba. Èkíní, epo nìkan ló ń mu. Èkejì, háíbíríìdì, ó ń mu epo, ó sì tún ń fi iná bátìrì rìn. Dókítà ti wa méjèèjì wò, ó ní èkejì kì í gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò mọ èyí tí òun yóò mú.

Oyinmọmọ dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àwo tíì, ó sì ti sọ tirẹ̀. Ó ní elépo ni. Ó ní bátìrì á kú lọ́jọ́ kan, wọn ò ní rẹ́ni tún un ṣe, àti pé iná tí wọ́n ń gbé sábẹ́ àga kì í ṣe nǹkan àmúṣeré. Ó ní ọkọ̀ èèyàn ńlá gbọ́dọ̀ dún, kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀gá ń bọ̀. Dókítà ń mi orí, ọ̀rọ̀ náà ti ń wọ̀ ọ́ lára. Ló bá rántí nǹkan kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí," ó ní. "Mo wa háíbíríìdì yẹn dé ẹ̀yìn ọkùnrin tó ń tà á gan-an. Ó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, kò gbọ́ mi rárá. Ìgbà tó yíjú padà, ó fò sókè bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀!"

Àyà aránṣọ kọ́kọ́ já. Ọkọ̀ tí kì í dún! Báwo ni yóò ṣe máa mọ̀ pé ìyà ọjọ́ náà ti fẹ́ tán? Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fi ń mí lójúmọ́ fẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ló bá gbójú sókè wo àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn èjìká dókítà. Oyinmọmọ kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ti le gbagidi, àwo tíì ọwọ́ rẹ̀ sì dúró sójú kan. Ìgbà náà ló yé aránṣọ: ohun tí òun kò bá gbọ́, òun nìkan kọ́ ni kò ní gbọ́ ọ.

"Ìwọ ńkọ́, aya mi?" dókítà béèrè. "Nítorí tìrẹ ni mo ṣe ń rà á. Ọkọ̀ náà ló máa máa gbé wa lọ sí ọsibítù."

Oyinmọmọ tẹjú mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó yí orí díẹ̀ sí ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn, níbi tí àtẹ̀gùn wà, ó sì tún dá ojú padà. Aránṣọ rò ó wò. Bí ó bá mú elépo, nǹkan yóò máa lọ bó ṣe ń lọ títí tí wọn yóò fi wá gbé e. Bí ó bá mú èkejì, ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ ọmọ yìí lọ́la?

"Háíbíríìdì," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń jẹ́wọ́ lọ.

"Kí nìdí?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé kì í gbọ̀n. Ọkọ̀ yín ti tẹ́lẹ̀, inú egungun ni mo ti ń gbọ́ ọ."

Omi lé ròrò sójú dókítà. Ó ká ìwé elépo, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ta ni yóò jiyàn pẹ̀lú ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn? Oyinmọmọ ní ẹ̀gbọ́n òun mọ nǹkan-án yàn, àmọ́ àwọn ife tó wà lórí àwo ń lu ara wọn.

Lọ́jọ́ kejì, aránṣọ kò rí omi mu títí oòrùn fi wọ̀. "O fẹ́ fi ọkọ̀ mú mi, àbí?" ni àbúrò rẹ̀ wí. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Ọkọ̀ náà dé, ó funfun, ó ń dán, ó ń yọ́ rìn bí ológbò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe ibi kì í sùn. Oyinmọmọ gbé àga lọ sójú fèrèsé, láti ọ̀sán ni yóò ti máa ṣọ́ òpópónà. Bí imú ọkọ̀ bá ti yọ ní ìkóríta, ọ̀pá á padà, fóònù á padà, ìwọ á di ẹ̀yin. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, ó di ọ̀sẹ̀ kan, kò tàsé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rù wá di méjì fún aránṣọ. Kò gbọ́ ariwo tó ń tù ú nínú mọ́, kò sì rí ìgbàlà. Ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀ lójú fèrèsé ló ń wò látàárọ̀ dalẹ́, ó sì ń sọ nínú ara rẹ̀ pé ẹnu òun ti pa òun. Ọjọ́ Ẹtì ni oṣù yóò parí.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, dókítà dágbére, ó sọ̀kalẹ̀, wọ́n gbọ́ tí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ pa dé. Láyé ọkọ̀ àtijọ́, ẹ́ńjìnnì á wúkọ́, á ké, á máa lọ títí ohùn rẹ̀ á fi kú ní ìkóríta, Oyinmọmọ kì í sì í mira kó tó di ìgbà náà. Lọ́jọ́ yìí, gbogbo nǹkan dákẹ́ rọ́rọ́, ó sì gbà pé ó ti lọ. Bíbọ̀ nìkan ló ti ń ṣọ́. Kò fìgbà kan rò ó pé ó yẹ kí òun ṣọ́ lílọ.

Ó kó ọ̀pá. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó yọ lẹ́nu sìmẹ́ńtì títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi kérora.

"Ọ̀la ni," ó ní. "Wọ́n á wá gbé ọ. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, èmi ni wọ́n máa máa pè ní ìyàwó dókítà, inú yàrá yìí náà ni màá sì máa sùn."

Aránṣọ ń bẹ̀ ẹ́, ó ń fi ìyá wọn tó ti kú bẹ̀ ẹ́. Bí ó ti ń bẹ̀ ẹ́ ni ojú rẹ̀ ṣàdéédéé lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn yàrá tó ti pa dé ti ṣí níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Ó rí ìwé ńlá tí wọ́n fún wọn mọ́ ọkọ̀ tuntun, ó sì rí ọwọ́ tó dì í mú.

Ó fẹ́ kígbe. Ṣùgbọ́n bí ó bá kígbe, Oyinmọmọ yóò yíjú, yóò sunkún, dókítà yóò sì tún rí ohun tó máa ń rí. Aránṣọ gbé ojú kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ojú àbúrò rẹ̀.

"Kí ló dé tó o fi da omi ọṣẹ sórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ náà?"

Oyinmọmọ rẹ́rìn-ín. "Kí o lè ṣubú ni. Ọrùn ni mo fojú sí, ẹsẹ̀ lo gbé fún mi. Kò burú. Mo mọ̀ pé orí rẹ pé ju tèmi lọ. Dìndìnrìn ọkọ rẹ yẹn nìkan ni kò mọ̀."

"Dìndìnrìn náà nìyí," ohùn kan wí lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ Oyinmọmọ. "Bọ̀dá! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún wọn, ẹ sọ pé eré la..." Ẹ̀yin ti padà sẹ́nu rẹ̀ o, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ.

Dókítà kò tíì lọ rárá. Abẹ́ fèrèsé yàrá yẹn gan-an ló wà nínú ọkọ̀, ọkọ̀ ti wà ní títàn, kò dún, ó sì ṣí ìwé sórí itan, ó ń wá bí wọ́n ṣe ń ti àga iwájú sẹ́yìn kí ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ lè nà gbọọrọ. Ó gbọ́ ohùn lókè. Ó kọ́kọ́ rò pé ará ìta ni, nítorí kò sẹ́ni tó ń pe ìyàwó rẹ̀ ní ìwọ nínú ilé náà àfi òun. Ìgbà tó gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ ló bọ́ bàtà, tó gun àtẹ̀gùn.

Ó pe ọlọ́pàá níṣojú wọn. Ó fa ìwé ilé tí wọ́n fẹ́ gbé aya rẹ̀ lọ ya wẹ́wẹ́. Oyinmọmọ kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó ní ẹ̀jẹ̀ kan náà ni àwọn.

Aránṣọ fa ọwọ́ rẹ̀ jáde. "Láti oṣù yìí wá, ìwọ ni mò ń jẹ́ lẹ́nu rẹ," ó ní. "Má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́."

Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti mú un lọ, gbogbo àdúgbò sì jáde wá wò ó. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Dókítà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí aya òun dárí jì òun. Aránṣọ kò sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò tó ẹ̀bẹ̀, nítorí ó tó o, ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kó kọ́kọ́ bu omi wá.

Nígbà tó yá, wọ́n tú sìmẹ́ńtì. Ẹsẹ̀ rù bí igi ìdáná, ṣùgbọ́n ó ń tẹlẹ̀. Aránṣọ padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní yàrá òkè. Síbẹ̀, dókítà ṣàkíyèsí pé gbogbo ìgbà tí òun bá wọlé, ìyàwó òun máa ń ta gìrì, á fọwọ́ dáyà, abẹ́rẹ́ á sì bọ́ nílẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ yẹn ni, òun yóò lọ fi í pààrọ̀ elépo, èyí tó máa ń dún.

"Rárá," aránṣọ ní. "Òun ló gbà mí. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ti dé ìkóríta, ẹ bá mi tẹ fèrè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n máa gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ ń bọ̀."

Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ tí kì í dún bá ti dé ìkóríta, fèrè rẹ̀ á ké lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn aládùúgbò ní dókítà ń fi ọkọ̀ bọ̀gìnnì fọ́nnu. Lókè, aránṣọ á gbọ́ ọ, á mí kanlẹ̀, á sì máa rán aṣọ rẹ̀ lọ.