Fáànù Tí Morọ́lá Ní Kó Dákẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, kò sí àbùmọ́ ńbẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè dé àdúgbò Ailegun, kó béèrè ilé Fákúnlé. Wọn yóò fi hàn án. Tábìlì náà ṣì wà ní pálọ̀, kọ̀ǹpútà náà ṣì wà lórí rẹ̀. Morọ́lá fúnra rẹ̀ ṣì ń gbé ibẹ̀. Àmọ́ kì í sọ gbogbo rẹ̀ fún àlejò.

Bàbá Morọ́lá ló ra kọ̀ǹpútà náà nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ó ń fi í kọ ìtàn ìdílé wọn: bí wọ́n ṣe ti Èkìtì wọ Èkó, ta ló bí ta. Ìyàwó rẹ̀ a jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì náà lórí àga onítìmùtìmù, a máa ki oríkì ilé Fákúnlé. Bí wọ́n sì ṣe ń ṣe é nílé wọn nìyí: ìyàwó ilé ló ń ki oríkì, ṣùgbọ́n kì í ki oríkì fún afẹ́fẹ́ lásán. Ọmọ ilé kan gbọ́dọ̀ jókòó tì í, kó máa fi imú dá a lóhùn, "Hùn," bó bá ti sinmi ẹnu. Bí ọmọ ilé bá dákẹ́, ìyàwó á dákẹ́. Bàbá ló máa ń dáhùn. Hùn tirẹ̀ wúwo, ó sì gùn, bí ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Òṣòdì bá ń bọ̀ lọ́nà jíjìn, tí èèyàn kò tíì rí i.

Bàbá kú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Lónìí, ó gbé bàtà sínú fìríìjì. Lọ́la, ó pe Morọ́lá ní orúkọ àbúrò tirẹ̀ tó ti kú tipẹ́. Ẹ̀rù ba Morọ́lá. Oríkì ilé wọn kò sí níbì kankan àfi lórí Màmá. Bàbá kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ó máa ń ní kí lòun fẹ́ kọ, ṣebí ẹni tó mọ̀ ọ́n ló jókòó ti òun yìí. Bí Morọ́lá kò bá tètè gbà á sílẹ̀, ó lọ nìyẹn, kò tún sí ibi tí wọn yóò ti wá a rí.

Fóònù Morọ́lá kì í gba ohùn dáadáa látìgbà tó ti já sínú garawa omi. Ló bá gbé kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Teslim, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Bọ́ládé.

"Àǹtí, Windows inú ẹ̀ ti darúgbó," ni Teslim wí. "Kẹ́ ẹ tó tẹ nǹkan kan, ẹ ó ti sùn, ẹ ó ti jí. Ẹ jẹ́ n fi Linux rọ́pò ẹ̀. Kò wúwo."

"Èmi ò mọ Linux o."

"Ta ló mọ̀ ọ́n látinú ìyá ẹ̀? Ẹ ó kọ́ ọ ni."

Teslim kò tú ẹ̀rọ náà rárá. Fílàṣì kan ló kì bọ̀ ọ́ lára, ó fi Linux sí i, ó yá Morọ́lá ní máìkì kékeré kan, ó ní kó máa lọ.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni àdúgbò wọn máa ń dákẹ́. Àwọn ayálégbé á ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí iná bá wà, kò sí jẹnẹrétọ̀ tó ń ké. Ẹsẹ̀ Màmá kò jẹ́ kó lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Morọ́lá gbé e jókòó sórí àga rẹ̀, ó tan kọ̀ǹpútà, ó gbé máìkì síwájú rẹ̀.

Bí Màmá ṣe jókòó báyìí, fáànù inú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ariwo rẹ̀ pọ̀. Ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì. Kò gbàgbé, kò ṣì í. Ẹni tó ń gbé bàtà sínú fìríìjì yìí ki oríkì náà dé ìparí láìta kókó.

Morọ́lá gbọ́ ohun tó gbà sílẹ̀. Ariwo ni, bí òjò lórí páànù. Ọ̀rọ̀ Màmá ń yọ orí níbẹ̀ bí ẹni tí omi ń gbé lọ. Nígbà tó máa sáré ní kí Màmá tún un kì, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ti sùn.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, Morọ́lá ń kàwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bí ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Ó rí i pé lórí Linux, èèyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín eré fáànù kù. Ojú dúdú kan ni wọ́n ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà, wọn a máa tẹ àṣẹ sí i. Ó tẹ èyí tó ń wo ooru inú ẹ̀rọ. Kò gbóná rárá. Ó tẹ èyí tó ń wá fáànù kiri. Ẹ̀rọ ronú díẹ̀, ó kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀: òdo. Kò rí fáànù kankan tó ń ṣiṣẹ́. Ó ní kí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà rí i dájú pé òun ti so fáànù mọ́ ọn.

Fáànù náà sì ń dún létí rẹ̀.

Ó pe Teslim. "Ó ní kò sí fáànù o! Èmi nìyí tí mò ń gbọ́ ọ."

Teslim bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí Linux! Fáànù ayé àtijọ́ nìyẹn, òmíràn kì í bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ẹ tẹ òdo sí àyè ẹ̀, ẹ wò ó bóyá á gbọ́. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ pẹ́ o, kó má lọ jóná mọ́ yín lọ́wọ́."

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Màmá jókòó. Fáànù gbéra, ó ń dún. Morọ́lá ṣí ojú dúdú, ó tẹ òdo.

"Dákẹ́ jàre!" ló wí. "Ariwo ẹ ti pọ̀ jù."

Ó dákẹ́.

Kò rọra dákẹ́ bí ẹ̀rọ tó ń rẹlẹ̀. Ó gé lójijì, bí ẹni tí wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Pálọ̀ wá pa rọ́rọ́. Omi ń kán nínú báfù. Aago ara ògiri ń ró.

Màmá rọra yí ojú sí tábìlì. "Ta lo ní kó dákẹ́?"

"Fáànù ni, Màmá."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe sí àgbà nílé yìí?"

Morọ́lá rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa kì í, Màmá. Mo ti ń gbà á."

Màmá tún ara ṣe lórí àga. "Ọmọ òkè tó ń gbọ́ òjò kí ìlú ó tó gbọ́..."

Ó dúró. Ó dẹ etí sílẹ̀. Ó ń retí. Ojú rẹ̀ ń wá nǹkan kan kiri lára tábìlì. Díẹ̀díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ inú ojú náà ń kú lọ.

"Kí ni mo fẹ́ sọ?" ló béèrè.

Morọ́lá sáré tẹ nọ́ńbà tó ga jù lọ sí àyè fáànù. Kò dún. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Kò dún. Ọ̀sẹ̀ náà parí, kò dún. Màmá kò dárúkọ òkè mọ́, kò dárúkọ òjò. Ó ń jókòó, ó ń wo ògiri. Nígbà mìíràn, á béèrè lọ́wọ́ Morọ́lá pé, "Ta ni bàbá ẹ?"

Morọ́lá gbé ẹ̀rọ náà padà lọ sí Bọ́ládé. Teslim tú ìdè ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wo inú rẹ̀. Ó tan ẹ̀rọ náà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí inú rẹ̀.

"Àǹtí, ta ló ti tú nǹkan yìí rí?"

"Bàbá mi nìkan ló máa ń tú u."

"Wáyà fáànù ò sí lójú ihò ẹ̀. Ẹ wo eruku. Ẹ wo ilé aláǹtakùn lára abẹ̀bẹ̀ ẹ̀, ọ̀kan ò já. Nǹkan yìí ò tíì yí látọjọ́ tó ti pẹ́."

"Mo gbọ́ ọ, Teslim. Màmá náà gbọ́ ọ."

Teslim kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Tí ò bá yí lóòótọ́, ó yẹ kí kọ̀ǹpútà yìí ti gbóná kú." Ó na ọwọ́ kan irin inú rẹ̀, ó sì yára fà á padà. "Mo tàn án báyìí, ó tutù bí omi àmù." Ó nu ọwọ́ lára ṣòkòtò. "Ṣé kí n so ó?"

"Rárá. Bò ó."

"Àǹtí..."

"Mo ní kó o bò ó."

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn tí ilé ti dá, Morọ́lá kúnlẹ̀ níwájú tábìlì. Ojú tì í díẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú," ló wí wúyẹ́wúyẹ́. "Mi ò mọ̀ ni. Oríkì yìí ń lọ. Ẹ ràn wá lọ́wọ́."

Kò sí ohùn kankan. Ó tan máìkì. Ó di ọwọ́ Màmá mú, ó fi ẹnu ara rẹ̀ mú ìbẹ̀rẹ̀ wá: "Ọmọ òkè tó ń gbọ́ òjò..."

"...kí ìlú ó tó gbọ́," ni Màmá wí. Ó dúró. Ó ń retí.

Kò sí nǹkan kan. Ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ tún fẹ́ kú. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ kan sọ sí Morọ́lá lọ́kàn. Ṣebí ọmọ ilé ni òun náà. Ó pa ẹnu dé, ó fi imú dáhùn.

"Hùn."

Ọwọ́ Màmá fún ọwọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ là. Oríkì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, èyí tí Morọ́lá mọ̀ àti èyí tí kò gbọ́ rí. Morọ́lá ń dáhùn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Fáànù kò dún. Ohùn àwọn méjèèjì nìkan ló wà ní pálọ̀ títí Màmá fi dé ìparí:

"Ọmọ ilé tí ẹnì kan kì í dá nìkan sọ̀rọ̀."

"Hùn," ni Morọ́lá dáhùn.

Ó nu ojú rẹ̀, ó ní kí ẹ̀rọ sọ ọ́ kí òun gbọ́. Ohùn Màmá mọ́ gaara. Hùn tirẹ̀ náà ń tẹ̀ lé e. Lábẹ́ hùn tirẹ̀, òmíràn wà. Ó wúwo, ó sì gùn, bí ọkọ̀ ojú irin tí ń bọ̀ lọ́nà jíjìn. Ó máa ń jẹ́ kí Morọ́lá kọ́kọ́ dáhùn, lẹ́yìn náà ni yóò tó gbé tirẹ̀. Ó ń mí láàárín.

Oríkì dé ìparí. Ìlà tó ń sáré lójú ẹ̀rọ dúró. Ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ ti tán. Hùn náà kò dúró.

Morọ́lá na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ náà.

"Má pa á o," ni Màmá wí láìyí ojú. "Kò tíì tán."

Ọwọ́ Morọ́lá dúró lófuurufú.

Ẹsẹ̀ ń bọ̀ nínú kọ́ńpáùndì. Ìyá Kọ́láolúwa ló ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ayálégbé tuntun tó kó dé lẹ́yìn ikú Bàbá, tí kò mọ̀ ọ́n rárá. Ó na orí sí ojú fèrèsé bó ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ kú ilé o!"

Màmá kò la ẹnu. Morọ́lá kò la ẹnu.

"Hùn."

"Ẹ ṣé o, sà," ni Ìyá Kọ́láolúwa wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.