Ìpè Láti Inú Ihò Ẹfun

Ẹni tó bá wù kó pè é ní àlọ́. Morẹ́nikẹ́ ṣì wà láàyè ní Òkèrèwè, ní Ifẹ̀, Olúmúyìwá ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọn yóò bá yín sọ. Èmi kò fi iyọ̀ kún un.

Morẹ́nikẹ́ kì í ṣe ojo. Alákòóso ni ní yunifásítì títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó dé ọwọ́ rẹ̀ tí kò yanjú. Nígbà tó pinnu pé òun àti ọkọ òun yóò lọ sinmi nílẹ̀ Faransé, ní agbègbè tí wọ́n ti ń ṣe ọtí ṣanpéènì, àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín. Kí ni àgbàlagbà ń wá nídìí ọtí òyìnbó tó ń hó? Morẹ́nikẹ́ ti gba físà. Ó ti mọ ọkọ̀ ojú irin tí yóò gbé wọn láti Paris dé Reims. Ó sì ti rí ilé tí wọn yóò wọ̀ sí, ní abúlé kan tí oko èso àjàrà yí ká. Opó kan tó ń jẹ́ Solange ló ni ilé náà, ìdílé rẹ̀ ló sì ń ṣe ọtí.

"Ìgbà ìkórè la máa débẹ̀," ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ẹsẹ̀ wa ṣì ń gbé wa, Bàbá Fikáyọ̀. Ìgbà wo la tún fẹ́ lọ?"

Fikáyọ̀ ni àkọ́bí wọn. Olúmúyìwá kàn mi orí. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ti ń ṣètò, ó mọ̀ pé iṣẹ́ tòun kò ju kí òun di ẹrù lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, iná ti lọ. Tọkọtaya náà jókòó ní pálọ̀, wọ́n gbé fóònù ti ara ìgò omi lórí tábìlì, wọ́n ń bá Solange sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń kọsẹ̀, àmọ́ ó yé wọn. Ó fi yàrá wọn hàn wọ́n. Ó fi fèrèsé tó kọjú sí oko hàn wọ́n. Lẹ́yìn náà ló bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ rí ibi tí ọtí ń sùn sí.

"A fẹ́ rí i," Morẹ́nikẹ́ ní.

Solange ṣàlàyé pé òkúta ẹfun ni gbogbo abẹ́ abúlé àwọn. Àwọn baba ńlá àwọn ti gbẹ́ ihò sínú rẹ̀, inú òkùnkùn ibẹ̀ ni ìgò ọtí ń dùbúlẹ̀ sí fún ọdún gbọọrọ. Ó ṣí ilẹ̀kùn igi kan. Àwòrán orí fóònù mì. Ó dúró gbagidi. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Àtẹ̀gùn ni wọ́n kọ́kọ́ rí, ó ń lọ sísàlẹ̀. Iná tọ́ọ̀ṣì ń tàn sára ògiri funfun. Solange kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ìró ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́, ó rọra, bí ẹsẹ̀ ẹni tí kò wọ bàtà. Ìgò tò lọ́tùn-ún, ìgò tò lósì. Omi ń kán níbì kan. Tó. Ó pẹ́. Tó.

"Ibẹ̀ mà jìn o," Olúmúyìwá sọ.

Tọ́ọ̀ṣì yà sí ọwọ́ òsì. Ọ̀nà ibẹ̀ há, kò sí ìgò kankan. Ẹfun nìkan ni. Iná náà dúró sójú kan.

Ẹnì kan pè láti inú òkùnkùn tó wà níwájú.

"Àyọ̀kẹ́."

Oríkì Morẹ́nikẹ́ ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló fi í pè é rí láyé yìí: ìyá bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà ní Òkèrèwè kan náà, tó sì ti kú kí ó tó relé ọkọ. Ohùn náà kò gbọ̀n, kò sì jìnnà. Èdè Ifẹ̀ pọ́ńbélé ló fi bi í pé ṣé kò tíì dé ni.

Ọmọdé Ifẹ̀ pàápàá mọ̀ pé a kì í dáhùn ìpè tí a kò rí ojú ẹni tó pè wá. Alàgbà ìjọ ni Olúmúyìwá, ó máa ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Síbẹ̀, òun ló na ọwọ́ láti bo ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu. Ọwọ́ rẹ̀ kò yá tó. Bí ọmọdé tó wà lẹ́yìnkùlé ni Morẹ́nikẹ́ ṣe dáhùn.

"Mò ń bọ̀, mà."

Tọ́ọ̀ṣì kú. Ojú fóònù dúdú. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tó ti ń ké níta látìgbà tí òjò ti dá, gbogbo wọn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò pẹ́ tí fóònù fi dún. Solange ni. Oòrùn ń ràn lójú rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn igi yẹn.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kì í wọ ibẹ̀. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn ló já. Mo ti ń pè yín látìgbà náà, ẹ ò gbé e."

"Ṣé ẹ ò sọ̀kalẹ̀ ni?" Olúmúyìwá bi í.

"Rárá. Ibí ni mo wà."

Morẹ́nikẹ́ sọ ohun tí wọ́n rí fún un: àtẹ̀gùn, ìgò, ọ̀nà tóóró tó yà sí òsì. Ẹyẹ kan ké lẹ́yìn Solange.

"Kò sí ọ̀nà lọ́wọ́ òsì," ó ní. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó ti ilẹ̀kùn náà pa láìwẹ̀yìn.

Ní ọjọ́ kejì, Olúmúyìwá ní kí wọ́n kúkú lọ sí Accra. Òkun wà níbẹ̀.

"Mi ò lọ sí Accra," ni Morẹ́nikẹ́ wí. Aṣọ ló ń ká sínú àpótí.

"O dá a lóhùn, Ìyá Fikáyọ̀. O ní ò ń bọ̀."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá tó tọ́ mi kò pè mí síbi burúkú rí."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé òun ni?"

Morẹ́nikẹ́ ká aṣọ mìíràn, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ.

Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì báyìí. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ ní Enuwa, lójúde ààfin, yóò gbé orí sókè, yóò ka orúkọ àwọn abúlé agbègbè Solange fún yín bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló yí padà. Bí ọkọ rẹ̀ bá pè é láti yàrá kejì, kì í jẹ́ mọ́. Á dìde, á wá sẹ́nu ọ̀nà, á wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ìgbà náà ni yóò tó béèrè pé, "Ẹ pè mí?"

Olúmúyìwá ní àwọn ìgbà mìíràn wà tó máa ń wá bẹ́ẹ̀, tó sì jẹ́ pé òun kò pè é.