Tiwátọ́pẹ́ àti Ìran Orí Àtẹ̀gùn

Láti aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ni Tiwátọ́pẹ́ ti jókòó sídìí tábìlì ìjẹun nínú ilé ńlá kan ní Igbó Ẹfọ̀n, kò sì tíì dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n gbé omi wá fún un, ó ní òùngbẹ kò gbẹ òun. Wọ́n gbé mítípáì àti tíì wá, ó jẹ mítípáì náà ní gbígbẹ, ó fi tíì sílẹ̀. Irọ́ ni, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n bó bá mu omi, ìtọ̀ yóò gbọ̀n ọ́n. Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n ọ́n, yóò ní láti dìde. Bó bá sì dìde, gbogbo èèyàn inú ilé yẹn ni yóò rí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹsẹ̀ òsì ni. Abẹ́rẹ́ ibà kan tí wọ́n gún un ní ìdí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta ló ba iṣan ẹsẹ̀ náà jẹ́. Ó tín-ín-rín, ó kúrú ju èkejì lọ, ọ̀pá abẹ́ abíyá ló sì fi ń rìn. Ọ̀pá ọ̀hún kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Waliyat, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì àṣekágbá nílé ìwé kan ní Addo, tó sìn ín wá, ti gbé e fún mẹ́gáádì ẹnu géètì pé kó bá àwọn fi pamọ́.

Oṣù tó kọjá ni Tiwátọ́pẹ́ rí ìkéde kan lórí fóònù. Àwọn kan fẹ́ ṣe fíìmù, wọ́n ń wá ọmọbìnrin tó lè kó ipa ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Kí ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i ya fídíò ara rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Tiwátọ́pẹ́ jókòó sórí àga, Waliyat sì ya á láti àyà dé orí. Nígbà tí ìdáhùn dé pé òun ni wọ́n mú, ó pariwo, ó sunkún ayọ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Láti kékeré ló ti fẹ́ràn eré ṣíṣe. Nílé ìwé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fún un ní ipa ohùn tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé, torí ohùn rẹ̀ dùn. Kò sí ẹni tó fún un ní ipa tí wọn yóò ti fojú rí i.

Ìyá rẹ̀, tó ń rán sùtánà fún àwọn ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, bi í bóyá ó ti sọ ti ẹsẹ̀ rẹ̀ fún àwọn onífíìmù náà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò tíì sọ ọ́ fún wọn rárá.

Waliyat ló kọ́ ọ ní ọgbọ́n yòókù. Ẹ̀gbọ́n Waliyat máa ń bá àwọn onífíìmù gbé iná, torí náà ọmọ yìí gbà pé òun mọ iṣẹ́ náà ju àwọn tó ń ṣe é lọ. Ó ní wọn kì í ya fíìmù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pé gbogbo ìran tó bá wà nínú yàrá kan ni wọ́n ń yà pọ̀ lọ́jọ́ kan. Kí Tiwátọ́pẹ́ dé ṣáájú gbogbo èèyàn, kó ti jókòó kí wọ́n tó dé, kí wọ́n ya àwọn ìran ìdí tábìlì. Bí wọ́n bá ti yà á, ojú rẹ̀ ti wọnú fíìmù nìyẹn, wọn kò ní lè fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ìran ìdí tábìlì nìkan náà ni wọ́n ṣì fi ránṣẹ́ sí i, torí náà ọgbọ́n yìí jọ ọgbọ́n gidi.

Ká má parọ́, iṣẹ́ náà dán mọ́rán láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Àǹtí Abọ́sẹ̀dé, tó kọ eré náà, tó sì ń darí rẹ̀, kì í gbóhùn sókè, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára èèyàn. Bàbá Ọdúnjọ, àgbà òṣèré tó lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, ló ń ṣe bàbá Tiwátọ́pẹ́ nínú eré. Bàbá náà kọ̀ pé ọmọ òun kò ní lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga, ọmọ sì ń bá a jiyàn. Nínú ìran kejì, Bàbá Ọdúnjọ sunkún tòótọ́, omijé ń dà sára abọ́ oúnjẹ. Tiwátọ́pẹ́ ń rò ó lọ́kàn pé ó ku díẹ̀, ó ku díẹ̀ kí ó bọ́.

Aago kan kù díẹ̀ nígbà tí Àǹtí Abọ́sẹ̀dé sọ pé ó kan ìran orí àtẹ̀gùn. Ó ní kí Tiwátọ́pẹ́ fìbínú dìde, kó ti àga sẹ́yìn, kó gun àtẹ̀gùn lọ sókè láìwẹ̀yìn.

Tiwátọ́pẹ́ béèrè bóyá òun lè jókòó sọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní rárá, kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú ìran náà, kó ṣáà dìde. Ó fọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú, ó dìde. Ó gbé ìṣísẹ̀ kan, ó nawọ́ sí ẹ̀yìn àga kan, àga náà sì yọ̀ lórí táìlì tó ń dán. Ó ṣubú, ó forúnkún kanlẹ̀.

Wọ́n sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àǹtí Abọ́sẹ̀dé ló kọ́kọ́ débẹ̀, ó sì bi í bóyá ó fẹsẹ̀ rọ́ ni. Kí Tiwátọ́pẹ́ tó lanu, Waliyat ti dáhùn láti ẹ̀yìn.

"Àná ló fẹsẹ̀ rọ́, Ọ̀gá. Á ti san tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Inú Àǹtí Abọ́sẹ̀dé rọ̀. Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, òun lè bẹ onílé kí wọ́n padà wá ya ìran àtẹ̀gùn náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tiwátọ́pẹ́ rí i pé ọ̀nà ti ṣí. Kó kàn mi orí ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Waliyat ń fojú sọ fún un pé kó mirí. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ń kọ́? Irọ́ wo ni yóò tún pa nígbà náà? Ó rẹ̀ ẹ́. Ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, ìdí ń dùn ún, ẹ̀rù tó sì ti ń bà á láti oṣù kan sẹ́yìn ti sú u.

"Kì í ṣe àná, Ọ̀gá," ló sọ. "Láti ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Ọ̀pá ni mo fi ń rìn. Ẹ má bínú. Ó wà lọ́dọ̀ mẹ́gáádì."

Àǹtí Abọ́sẹ̀dé ní kí wọ́n lọ gbé ọ̀pá náà wá. Nígbà tí ọ̀pá dé, Àǹtí béèrè lọ́wọ́ Tiwátọ́pẹ́ bóyá ó lè gun àtẹ̀gùn yẹn.

"Mo lè gùn ún, mà. Mi ò kàn lè yára ni."

"Gùn ún kí n rí i. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó síbi tẹ́ ẹ wà."

Tiwátọ́pẹ́ gùn ún. Ẹsẹ̀ ọ̀tún á kọ́kọ́ gòkè, ọ̀pá á tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ òsì á wá fà bọ̀ lẹ́yìn. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ni. Kò wẹ̀yìn. Bàbá Ọdúnjọ sì jókòó sídìí tábìlì, ó ń wo ọmọ tó ń fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọmọ tó lè pè padà ní gbogbo ìṣísẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Nígbà tó dé àárín, bàbá náà lanu bí ẹni fẹ́ pè é, ó sì tún pa ẹnu dé. Kámẹ́rà kankan kò ṣí. Ẹni tó gbé iná dání gbàgbé, ó ti sọ ọ́ kalẹ̀.

Àǹtí Abọ́sẹ̀dé fọwọ́ nu ojú.

"Ká ní o ti sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn," ló wí, "báyìí gan-an ni ǹ bá ṣe kọ ọ́."

Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó kù, ohùn rẹ̀ kò sì le. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kan náà, orí omi ni wọn yóò wà níhà Ìbẹ́jú-Lẹ́kì, nínú ọkọ̀ kékeré tí èèyàn ń fò wọ̀. Ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá ti wá ọkọ̀ tó láàbò fún un. Ní báyìí, wọ́n ti sanwó ọkọ̀ náà tán, kò sí àyè mọ́, òun kò sì ní gbé ọmọ ọlọ́mọ sórí omi láìmúra sílẹ̀. Ó pe ọmọbìnrin tó ṣe ipò kejì nínú àwọn tó fi fídíò ránṣẹ́. Gbogbo iṣẹ́ àárọ̀ náà di òfo, bàbá ẹni àádọ́rin ọdún sì ní láti sunkún lẹ́ẹ̀kejì. Ìyẹn ló dun Tiwátọ́pẹ́ jù. Ojú tì í débi pé kò lè wo ojú bàbá náà nígbà tó ń tọrọ àforíjì.

Nígbà tó délé, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ta ló kọ́ ọ pé kó o máa fi ẹsẹ̀ ẹ pamọ́?"

Ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló dá ara rẹ̀ lóhùn.

"Èmi ni. Gbogbo ọdún tá a bá fẹ́ ya fọ́tò ìkórè, èmi ni mo máa ń ní kó o ti jókòó kí ẹni tó ń ya fọ́tò tó dé. Èmi ni mo máa ń gbé ọ̀pá ẹ sẹ́yìn." Ó fi sùtánà funfun tó ń rán bo ojú, ó sunkún. Àwọn méjèèjì ló sunkún.

Láti ìgbà náà, ibikíbi tí Tiwátọ́pẹ́ bá fẹ́ ṣe eré, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kọ kó tó kọ ohun mìíràn. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò dá a lóhùn rárá, ó sì dùn ún wọra. Ẹnì kẹta fèsì lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan. Ó ka ìdáhùn náà lẹ́ẹ̀mejì: àtẹ̀gùn mẹ́jọ ló wà nílé tí àwọn fẹ́ lò, ṣé ìyẹn á rọrùn fún un, àbí kí àwọn wá ilé mìíràn?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹsẹ̀ Tiwátọ́pẹ́ kọ́ ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Igbó Ẹfọ̀n. Òun ló fi òtítọ́ pamọ́ fún ẹni tí ì bá ràn án lọ́wọ́. Ẹ sọ ohun tó ń ṣe yín síta, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ ní kùtùkùtù. Àwọn kan yóò kẹ̀yìn sí yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ bá yín wá ọ̀nà àbáyọ kò lè bẹ̀rẹ̀ títí ẹ ó fi sọ fún un.