Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Ké Mọ́

"Tẹ̀ ẹ́! Qonitah, mo ní kí o tẹ̀ ẹ́!"

Qonitah kúkú ń tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń yípo, pẹ́dàlì ń yípo, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kò dáhùn. Àfi bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló ń tẹ̀. Kí ó tó fa bíréèkì, kẹ̀kẹ́ ológeere náà ti yà kúrò lójú ọ̀nà, ó sì gbé e wọ inú koríko gbígbẹ lọ ràì.

Bọ̀dá Adégbìtẹ́ ń tiro bọ̀ láti orí òkè. "Ṣé kò sí o? Ṣé o ò fara pa?"

"Rárá, sà. Ó mú, ó tún yọ̀, ó tún mú. Kò yé mi rárá."

Adégbìtẹ́ gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sókè, ó fi ọwọ́ yí pẹ́dàlì. Ó yọ̀. Ó tún yí i, ó mú. Ó wo Qonitah, ó wo Òkìkíọlá tó dúró ti òkúta kan, ó wá bi wọ́n pé, "Ta ló tú àpótí jíà yìí?"

"Kì í ṣe èmi o," ni Òkìkíọlá wí.

"Èmi náà kọ́, sà," ni Qonitah wí.

Irọ́ gbuu! Ṣùgbọ́n ẹ má tíì bínú sí i. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí kẹ̀kẹ́ náà ṣe rí, kí ọ̀rọ̀ má baà rú ẹ̀yin náà lójú bó ṣe rú gbogbo wọn lójú.

Ọmọ ifásitì ni Adégbìtẹ́, ó ti dé ọdún tó máa fi jáde, ilé ìyá Qonitah ní Àgbowó ló sì gba yàrá sí. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ yìí, irú èyí tí wọ́n fi ń sáré láti orí òkè olókùúta wá sí ìsàlẹ̀. Ìyọnu irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé ẹ̀gbẹ́ taya ẹ̀yìn ni jíà rẹ̀ máa ń rọ̀ sí dirodiro. Òkúta kan péré, jíà ti wọ́, eré ti parí. Ni Adégbìtẹ́ bá lọ ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan ní Dùgbẹ̀, irú èyí tí gbogbo jíà rẹ̀ wà nínú ikùn irin tó wà láàárín taya. Ó yọ ikùn náà, ó ní kí wẹ́dà kan kọ́ àpótí irin fún un, ó sì gbé e sí àárín kẹ̀kẹ́ gan-an, lókè pẹ́dàlì. Ṣéènì kan ti ibi pẹ́dàlì lọ sínú àpótí, èkejì ti inú àpótí lọ sí taya ẹ̀yìn. Kò sí ohun tó rọ̀ síta mọ́ tí òkúta máa kàn.

Ṣé yóò ṣiṣẹ́? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò lè gùn ún, torí orúnkún rẹ̀ tó yẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ló bá wá ọmọ méjì tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn: Qonitah, àti Òkìkíọlá ọmọ Bódìjà, tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà. Àwọn olùkọ́ ifásitì máa wá wo kẹ̀kẹ́ náà lórí òkè kan lápá Ẹlẹ́yẹlé kí ìsinmi Kérésì tó parí. Bí iṣẹ́ náà bá yege, Adégbìtẹ́ ti jáde nìyẹn. Bí kò bá yege, ó di ọdún mìíràn. Qonitah ló mú pé kó gùn ún lọ́jọ́ náà. Ó dun Òkìkíọlá wọra, àmọ́ kò yan odì. Ilé bàbá rẹ̀, níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, ni kẹ̀kẹ́ ń sùn.

Ohun kan wà tí kẹ̀kẹ́ yìí máa ń ṣe. Bó bá ń sọ̀kalẹ̀ tí ẹsẹ̀ dúró sójú kan, àpótí náà a máa ké: tá-tá-tá-tá-tá.

Nílé Qonitah ẹ̀wẹ̀, irin kì í ké kí wọ́n máa wò ó níran. Ata ni ìyá rẹ̀ ń lọ̀ lọ́jà Bódìjà, Ìyá Alọta ni gbogbo ọjà ń pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ wọn kò sì ju ọ̀kan lọ: "Irin tó bá ń ké, ebi ló ń pa á. Fún un ní gíríìsì kó jẹ." Àràárọ̀ ni Qonitah máa ń bu gíríìsì nínú agolo tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀rọ, tí á sì ki í bọ ibi tí irin ti ń yí, kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnì.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, bàbá Òkìkíọlá mú kọ́kọ́rọ́ rìnrìn àjò, ni kẹ̀kẹ́ bá sùn sí ìsọ̀ ìyá Qonitah. Bí ọmọbìnrin náà ṣe ń tì í wọlé, àpótí ń ké tá-tá-tá. Àánú irin náà ṣe é, àní ó ṣe é! Adégbìtẹ́ ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú àpótí àfi òun. Ṣùgbọ́n ta ni fífún ẹni tí ebi ń pa lóúnjẹ máa bí nínú? Ó mú ṣípánà, ó ṣí ìdérí, ó fi ìka méjì bu gíríìsì, ó ki í bọ ibi tí igbe ti ń jáde títí ó fi kún dẹ́múdẹ́mú. Ó dé e padà, ó yí i wò. Kò ké mọ́. Ó dákẹ́ bí ọmọ tó yó. Inú Qonitah dùn, ó sì lọ sùn.

Ohun tó fi parọ́ lórí òkè nìyẹn. Ẹ̀rù bà á, òótọ́ ni. Àmọ́ ọkàn rẹ̀ tún ń sọ fún un pé kì í ṣe irọ́ tó bẹ́ẹ̀ náà. Ìgbà wo ni gíríìsì ba irin jẹ́ rí? Bí kì í bá ṣe ohun tó ṣe ló fà á, kí ni wọ́n fẹ́ fi ìjẹ́wọ́ rẹ̀ ṣe?

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an, kẹ̀kẹ́ náà kò yọ̀ mọ́. Ó sọ̀kalẹ̀, ó gòkè, ó mú dáadáa. Lọ́jọ́ kejì láàárọ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ọ̀sán pọ́n, ó tún mú. Adégbìtẹ́ pààrọ̀ wáyà jíà, ó pààrọ̀ ṣéènì, ó wo pẹ́dàlì títí ojú fi ń ro ó. Inú àpótí nìkan ni kò wò. Ibi tí wọ́n ti ní kò sẹ́ni tó débẹ̀, ta ni yóò wá nǹkan lọ síbẹ̀?

"Ṣé kẹ̀kẹ́ yìí ń ṣe wá ní jìbìtì ni?" ni ó ń bi ara rẹ̀.

Bí Òkìkíọlá àti Qonitah ṣe jọ ń ti kẹ̀kẹ́ gòkè, Òkìkíọlá rọra sọ pé, "Ìwọ, ṣé o ṣàkíyèsí pé kò ké mọ́?"

Qonitah yíjú kúrò. "Ó ti mọ́ra ni jàre. Tì í kíá."

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kẹta tí kẹ̀kẹ́ tún yọ̀, Adégbìtẹ́ bú jáde. Ojú ẹ̀ ti pọ́n, kò sùn dáadáa. "Òkìkí, sọ òótọ́ fún mi. Ọ̀dọ̀ rẹ ló ń sùn. O fẹ́ gùn ún lọ́jọ́ náà, mi ò gbà fún ọ. Kí ni kí n rò?"

"Bọ̀dá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Èmi? Kí n ba iṣẹ́ yín jẹ́?" Òkìkíọlá yíjú sí Qonitah. "Ó sùn ní ìsọ̀ màmá ẹ lọ́jọ́ kan. Ṣé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án níbẹ̀?"

Gbogbo ojú wà lára Qonitah. Ẹ̀yin ará mi, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún un níbẹ̀ yẹn, gbagada. Ṣùgbọ́n irọ́ àkọ́kọ́ ti jókòó sí ẹnu rẹ̀, kò jẹ́ kí òótọ́ ráyè kọjá.

"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án," ni ó wí.

Òkìkíọlá bọ́ akoto tó dé sórí, ó gbé e sílẹ̀, ó sì rìn lọ sí ọ̀nà títì láìdágbére.

Láti ọjọ́ yẹn, yàrá Adégbìtẹ́ ni kẹ̀kẹ́ ń sùn. Àárọ̀ ló fi ń kọ ìwé iṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà ọ̀sán nìkan ni wọ́n ń lọ sórí òkè. Ẹ gbà mí! Kẹ̀kẹ́ kò yọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo mọ́. "O rí i?" ni Adégbìtẹ́ wí. "Ọmọ yẹn ló ń ṣe é."

Qonitah kò mọ ohun tó máa rò mọ́. Ó mọ̀ pé òun lòun tú àpótí. Ṣùgbọ́n bí gíríìsì bá ni, kí ló dé tó fi ń mú báyìí? Àbí Òkìkíọlá ṣe nǹkan sí i lóòótọ́? Lọ́jọ́ mìíràn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ a sì fúyẹ́. Tó bá wá rántí bí ọmọ náà ṣe bọ́ akoto sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ a tún pòrúùrù. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ọjọ́ pé. Àárọ̀ Sátidé ni, ọyẹ́ sì mú lọ́jọ́ náà débi pé èéfín ń jáde lẹ́nu ènìyàn. Odò Ẹlẹ́yẹlé kò hàn láti orí òkè, ọyẹ́ ti bò ó. Àwọn olùkọ́ dúró ní ìsàlẹ̀, wọ́n káwọ́ mọ́ àyà nítorí òtútù. Qonitah so akoto mọ́ orí híjáàbù rẹ̀, ó ní "Bísímílà," ó sì gbéra.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ìyọnu, òkè fúnra rẹ̀ ló ń tì í. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀nà, kòtò àgbàrá kan wà tí ènìyàn gbọ́dọ̀ tẹ kẹ̀kẹ́ gidigidi kó tó lè fò ó. Qonitah dìde dúró lórí pẹ́dàlì, ó fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Òfìfo ni.

Ohun tó tún mọ̀ ni pé ó wà nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ kún fún iyẹ̀pẹ̀, èjìká òsì rẹ̀ kò sì ṣeé gbé. Eegun ti dá.

Àwọn olùkọ́ ṣàánú Adégbìtẹ́. Wọ́n ní àwọn yóò fún un ní ààyè kan sí i, ọ̀kan péré.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti di èjìká Qonitah tó sì ti padà sílé, Adégbìtẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ náà dé àgbàlá. Ó ránṣẹ́ pe Òkìkíọlá, ó ní kó wá wo ohun tó ṣe. Qonitah jókòó lórí àga pẹ̀lú apá tí wọ́n so kọ́ ọrùn. Adégbìtẹ́ tú ìdérí àpótí, ó sì lanu. Gíríìsì ló kún ibẹ̀, ó ki, ó rin, ó bo àwọn eyín kéékèèké mọ́lẹ̀.

"Háà! Ṣé ẹ rí i? Àwọn eyín yìí ló yẹ kí wọ́n máa dìde láti há irin mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́. Dídìde wọn ló ń ké yẹn. Gíríìsì ti lẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀! Lọ́sàn-án, oòrùn á yọ́ ọ díẹ̀, wọ́n á ráyè dìde. Láàárọ̀ ọyẹ́, ó ti dì nìyẹn." Ó yíjú pẹ̀lú ìbínú. "Òkìkí, níbo lo ti rí gíríìsì?"

Òkìkíọlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo inú àpótí. Ó fi ìka tọ́ gíríìsì náà, ó sì gbé ìka súnmọ́ ojú. Hóró ata kan wà nínú rẹ̀, pẹlẹbẹ, pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ó gbójú sókè, ó wo Qonitah.

Ó ṣeé ṣe kí Adégbìtẹ́ má rí hóró ata yẹn láéláé. Qonitah mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Èmi ni," ni ó wí. "Bọ̀dá, èmi ni. Ó ń ké, mo rò pé ebi ń pa á. Gíríìsì màmá mi ni. Òkìkí ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Adégbìtẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Qonitah, ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo bi ọ́, kẹrosíìnì díẹ̀ ni ǹ bá fi fọ̀ ọ́. Kó tó di pé a jẹun ọ̀sán, ó ti parí." Ó bo ojú rẹ̀. "Mo sì lé ọmọ ọlọ́mọ lọ. Òkìkí, forí jì mí."

"Ẹ má tọrọ àforíjì, Bọ̀dá," ni Òkìkíọlá wí. Qonitah ló ń wò. "Gíríìsì kọ́ ló dùn mí. Ojú mi lo ń wò nígbà tí o sọ pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án."

"Jọ̀ọ́," ni Qonitah wí. Òkìkíọlá mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá Adégbìtẹ́ nu gíríìsì.

Nígbà tí Ìyá Alọta ti ọjà dé tí wọ́n gbọ́, wọn kò pariwo. Wọ́n kàn mi orí. "Mo kọ́ ọ pé irin tó ń ké, ebi ló ń pa á. Irin tèmi ni mo ń wí. Mi ò kọ́ ọ pé kí o máa tú irin onírin, ká má wá sọ pé kí o di ẹrù rẹ lé ọmọ ẹlòmíràn lórí."

Lọ́jọ́ tí àwọn olùkọ́ padà wá, Òkìkíọlá ló gun kẹ̀kẹ́ náà. Qonitah dúró ní ìsàlẹ̀ òkè pẹ̀lú apá nínú aṣọ. Ọyẹ́ mú bíi ti tẹ́lẹ̀, kò sì kọ́kọ́ rí ohunkóhun. Ó gbọ́ ọ kó tó rí i: tá-tá-tá-tá-tá, láti òkè wá. Lẹ́yìn náà igbe náà dákẹ́, Òkìkíọlá ń tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, kẹ̀kẹ́ sì fò kọjá lórí kòtò àgbàrá bí ẹni fò kọjá igi ìdáná. Àwọn olùkọ́ pàtẹ́wọ́. Adégbìtẹ́ gbàgbé orúnkún rẹ̀, ó ń fò sókè.

Òkìkíọlá ti kẹ̀kẹ́ kọjá níwájú Qonitah. "Báwo ni èjìká?" ló béèrè.

"Ó ń san."

"Ó dáa." Ó sì kọjá lọ. Wọ́n jọ ń kí ara wọn títí di òní, àmọ́ kò pè é ní ọ̀rẹ́ mọ́, Qonitah kò sì lè bá a jà sí i. Eegun èjìká ti so. Ti ọ̀rẹ́ wọn ò tíì so.

Ẹ̀yin ọmọ, kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe. Adégbìtẹ́ kò bínú sí Qonitah nítorí gíríìsì, bẹ́ẹ̀ ni Òkìkíọlá kò bínú nítorí rẹ̀. Àṣìṣe tí a bá tètè sọ, kẹrosíìnì díẹ̀ ti tó láti fọ̀ ọ́. Èyí tí a bá fi pamọ́ yóò da gbogbo ilé rú, yóò kọ́kọ́ mú aláìṣẹ̀, lẹ́yìn náà yóò padà wá mú ẹni tó ni ín. Bí wọ́n bá bi yín pé "Ta ló ṣe é?", tó sì jẹ́ pé ẹ̀yin ni, ẹ yáa tètè sọ ọ́ kí gíríìsì tó dì.