Òòyà Màmá Àgbà

"Ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan ni kí o máa mú wọn wọlé," ni Dádì Pátákó wí, bí ó ti ń fi àkísà nu ọ̀dà kúrò ní ìka ọwọ́ rẹ̀. "Wo nọ́ńbà, wo àwòrán, wo orúkọ, kí o tó bọ́ sórí èkejì. Ṣé o gbọ́, Kíámọ́sá?"

"Mo gbọ́, sà."

"Etí rẹ kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ yẹn ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì jáde lọ gbé pátákó kan fún oníṣọ́ọ̀bù tó ń dúró dè é.

Ẹ̀gbọ́n ìyá Kíámọ́sá ni Dádì Pátákó, tó ń kọ pátákó ìpolówó tà. Àwọn ará ilé ló sọ ọmọ náà ní Kíámọ́sá, nítorí wọ́n ní kò rìn rí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí, kò sì tíì dẹ́kun eré náà.

Iṣẹ́ ọjọ́ yẹn kì í ṣe ti oníbàárà kankan. Màmá Àgbà, ìyá tó bí Dádì Pátákó, ni àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlù ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ti ń gbé e díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò padà. Obìnrin tí gbogbo ilé ń sá fún ẹnu rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí àwàdà, ìka ló fi ń júwe omi báyìí. Olùkọ́ kan ń wá láti ilé ìwòsàn láti tún ọ̀rọ̀ kọ́ ọ. Àǹtí Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè é nínú ilé. Òun ló ní kí wọ́n ṣe káàdì: kí àwòrán wà ní iwájú, níbi tí Màmá yóò ti rí i, kí orúkọ rẹ̀ wà ní ẹ̀yìn fún òun.

Dádì Pátákó fúnra rẹ̀ ló fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán mẹ́rìnlélógún. Ẹrù Màmá gan-an ló sì yà: ife tí etí rẹ̀ ti kán, òòyà tí eyín méjì ti yọ lẹ́nu rẹ̀, fìtílà tí gíláàsì rẹ̀ sán. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Irú àwòrán onílà yìí, bí o fẹ́ kí ó tóbi tó ilé tàbí kí ó kéré bíi bọ́tìnnì, kì í ṣe bàìbàì. Ṣùgbọ́n ètò tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, tí wọ́n sì fi ń tẹ̀wé, máa ń béèrè ìwọ̀n lẹ́nu ọ̀nà. Ìwọ̀n tí o bá fún un ló máa gan mọ́ bí ọ̀dà tó gbẹ. Nítorí náà, Kíámọ́sá ṣí ọ̀kan, ó tẹ ìwọ̀n, ó tún ṣí òmíràn, ó tún tẹ ìwọ̀n.

Ní orí ìkarùn-ún, fóònù dún. Gólì ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣọ́ ilé fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn.

"Kíá! Gbogbo wa ti wà lórí pápá o. Ṣé ò ń hun aṣọ níbẹ̀ ni?"

"Ẹ dúró dè mí! Mò ń bọ̀ báyìí!"

Ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Bí ilẹ̀kùn bá gba ẹnì kan, ṣé kò ní gba ogún ènìyàn? Ó pa gbogbo èyí tó ti ṣe rẹ́. Ó mú fáìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó wọ́ wọn lọ sínú ètò náà, ó sì jù wọ́n sílẹ̀. Ètò náà béèrè ìwọ̀n. Àpótí kékeré kan wà nísàlẹ̀ tó ń béèrè bóyá kí òun lo ìdáhùn yìí fún gbogbo wọn. Ó fi àmì sí i. Ṣàà! Gbogbo àwòrán tò léra wọn bí aṣọ inú àpótí.

Kíámọ́sá pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Ká sọ òótọ́, àtẹ́wọ́ náà tọ́ sí i. Ó wo ti àkọ́kọ́: ife. Ó wo ẹ̀yìn bébà àkọ́kọ́, èyí tí Dádì Pátákó ti tẹ orúkọ sí tẹ́lẹ̀ láti 1 dé 24: ife. Ó pé! Ó ki bébà sẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Ó ti ń so okùn bàtà nígbà tí Dádì Pátákó wọlé. "O ti parí? Ṣé o yẹ gbogbo rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà!" Ẹnu ọ̀nà ló ti dáhùn.

Dádì Pátákó gbà á gbọ́. Ó dojú káàdì bolẹ̀, ó gé etí wọn, ó sì kó wọn sínú àpò ìwé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí Ọ̀rọ̀ jókòó síwájú Màmá Àgbà. Ó gbé káàdì àkọ́kọ́ sókè.

"Màmá, kí nìyí?"

Ètè Màmá gbọ̀n. "I... ife."

"Ẹ ṣeun, Màmá! Èyí ńkọ́?"

Ojú Màmá tàn. "Òò... òòyà. Òòyà mi!"

Àǹtí wo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn káàdì: ṣíbí. "Rárá o, Màmá. Ẹ rọra wò ó dáadáa."

Màmá tún wò ó. "Òòyà," ó wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Èyí ńkọ́?"

"Fì... fìtílà?"

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn káàdì náà ni: àga. Àǹtí mi orí pẹ̀lẹ́. Màmá fi ìka kan orí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kọjú sí ògiri. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó rẹ̀ yín ni, Màmá. Ó tó báyìí," ni Àǹtí wí.

Àkókò yẹn ni Kíámọ́sá gbé omi wọlé fún àlejò. Ó gba ẹ̀yìn àga Màmá kọjá, ó sì rí iwájú káàdì méjèèjì lórí tábìlì, òòyà tí eyín rẹ̀ yọ àti fìtílà tó sán. Ó rí ọ̀rọ̀ 'ṣíbí' àti 'àga' lórí ìwé tí Àǹtí ń kọ ìdáhùn sí.

Kò sẹ́ni tó tíì mọ̀. Ó lè jí káàdì náà kó, kó tún un ṣe, kó sì dá wọn padà. Ṣùgbọ́n ta ló máa jí ohun tí Màmá ń rò nípa orí rẹ̀ kúrò lọ́kàn rẹ̀? Ó gbé omi kalẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Màmá, òòyà ni. Òòyà yín ni. Fìtílà náà sì ni. Ẹ̀yin lẹ gbà á, èmi ni mo ṣì í. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì parọ́ pé mo yẹ̀ ẹ́ wò."

Àǹtí yí káàdì padà. "Háà!"

Màmá gbé ọwọ́ sókè. Kíámọ́sá dijú, ó ń retí ìgbátí. Orí rẹ̀ ni ọwọ́ náà bà lé, wẹ́rẹ́.

"Orí mi... pé?"

"Orí yín pé, Màmá. Tèmi ni kò pé."

Màmá Àgbà bú sẹ́rìn-ín. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ilé ti gbọ́ irú rẹ̀ kẹ́yìn.

Nígbà tí Dádì Pátákó gbọ́, kò pariwo, ìyẹn gan-an ló dun Kíámọ́sá jù. "Kì í ṣe káàdì ló dùn mí," ó wí. "'Bẹ́ẹ̀ ni' tí o dá mi lóhùn ni. Jókòó, ká wo ibi tó ti ṣì."

Wọ́n wo bí àwọn fáìlì ṣe tò: 1, 10, 11, 12... títí dé 19, kí 2 tó dé. Kíámọ́sá lanu.

"Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé iye ni! Ó kàn ń to gbogbo ohun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1 síbì kan. Ìdí nìyẹn tí ife nìkan fi bọ́ sáyè, tí òòyà tó jẹ́ 10 fi wá gba ipò ṣíbí tó jẹ́ 2."

Wọ́n fi òdo síwájú nọ́ńbà kéékèèké, 1 di 01, 2 di 02. Dádì Pátákó wá fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ọgbọ́n tí o dá yẹn, èmi ò mọ̀ ọ́n rí. Jẹ́ kí n dà wọ́n wọlé fúnra mi." Ó jù wọ́n sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Nígbà tí Gólì pè, Kíámọ́sá ní, "Ẹ máa gbá a lọ. Mo ṣì ń ka káàdì."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kò burú kí á wá ọ̀nà tó yá. Ohun tí a bá kó wọlé lẹ́ẹ̀kan, ẹyọ ẹyọ la fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí a kò bá sì yẹ̀ ẹ́ wò, ká má sọ pé a ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fọkàn tán wa lè máa rò pé orí òun ló bàjẹ́, nígbà tó jẹ́ pé irọ́ wa ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Màmá Àgbà gba mọ́kàndínlógún nínú mẹ́rìnlélógún. Kò dá káàdì òòyà padà fún Àǹtí Ọ̀rọ̀. Ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Ó wá kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Kíá... Kíámọ́... Kíámọ́sá!"

Ọmọ náà sáré wọlé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé tábìlì ṣubú.

"Rọra," ni Màmá wí.